Ọ̀dà Kì í Bo Àbùkù: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Muscle Car Àtijọ́ Ṣe

Bí ọ̀rọ̀ muscle car Amẹ́ríkà, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì alágbára sí, bá délẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni gbogbo èèyàn ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni wàhálà rẹ̀ kéré jù. Lọ́dún 1964 ilé iṣẹ́ Pontiac ki ẹ́ńjìnnì V8 oní sílíńdà mẹ́jọ, tó lé ní lítà mẹ́fà, sínú ọkọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, wọ́n pè é ní GTO, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì tẹ̀ lé wọn. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá kú lónìí, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi pístìn àti ríǹgì tuntun sí i, ó tán. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà, ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dè é náà wà. Ara ọkọ̀ ni kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó àti ọdún ń wọlẹ̀ sí.

Àṣìṣe kan gbilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ yìí, ó sì ń bíni nínú: pé ọ̀dà ló ń sọ ọkọ̀ di tuntun. "Ṣebí kí wọ́n fọ́n ọ̀dà sí i ni?" Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ rò pé bí ọ̀dà bá ti dán, ohun gbogbo ti bò. Ọ̀dà mọ́tò kò tó mìlímítà kan ní nínípọn, kò sì súnmọ́ ọn. Kò lè dí kòtò kankan. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń sọ irin di jígí. Irin tó wọ́ tí kò dán, ojú lè fò ó. Jígí tó wọ́, ojú kì í fò ó. Ọkọ̀ tó dà bíi pé ó tẹ́ geere nígbà tó wà nínú eruku lè máa yọ kókó bí awọ ọ̀pọ̀lọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀dà bá gbẹ lára rẹ̀. Àwọ̀ dúdú ló burú jù, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí mọ́.

Ìdógùn-ún ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Michigan àti Ohio, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì lásìkò yìnyín kí ọkọ̀ má bàa máa yọ̀. Iyọ̀ náà àti omi á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á máa jẹ ilẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ bùùtù, abẹ́ ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń wá ọkọ̀ tó ti gbé ní Arizona tàbí nínú aṣálẹ̀ California: oòrùn lè ti fa àga rẹ̀ ya, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ ṣì wà. Òòfà kékeré tí wọ́n fi aṣọ wé ni ẹlẹ́rìí. Níbi tó bá ti lẹ̀, irin wà ńbẹ̀. Níbi tó bá ti jábọ́, bọ́dì-fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí kòtò ara ọkọ̀, ló wà ńbẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dí ihò pa, ó sì tà á.

Láti bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò, wọ́n lè lo kẹ́míkà, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n iyanrìn sí i. Iyanrìn yá, ṣùgbọ́n bóńẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn, tí irin wọn kò nípọn ju bíi mìlímítà kan lọ, kì í gbà á. Ẹyọ iyanrìn kọ̀ọ̀kan òòlù kékeré ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á lu ojú kan ṣoṣo títí irin á fi nà, irin tó bá sì nà kò ní ibi tí yóò lọ, àfi kó wú.

Ford Mustang àti Dodge Charger kò ní ṣásí tó dá dúró, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Ẹni tó bá gé ilẹ̀ wọn kúrò láìkọ́kọ́ fi irin ti inú ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún yóò rí i lẹ́yìn náà pé ilẹ̀kùn kò pa dé mọ́. Chevrolet Chevelle àti GTO sàn díẹ̀, orí ṣásí ni ara tiwọn jókòó lé. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ kì í sì í jó irin tuntun mọ́ ògbólógbòó ní fífà gbọọrọ. Á jó ẹ̀kán kan níhìn-ín, á fò lọ sí ọ̀hún, á dúró kó tutù, torí pé iná ń mú irin wú, ìtutù ń mú un súnkì, kì í sì í padà sí bó ṣe wà.

Ibi tó dùn jù ló wá kàn.

Bọ́dì-fílà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníbàárà ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe orúkọ olè. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yìí gan-an fi òjé dí ojú ibi tí òrùlé ti pàdé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Kó nípọn bí ìka, tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ lé irin tó ti dógùn-ún, ìyẹn lẹ̀ṣẹ̀, torí pé ó máa ń fa omi mu. Bí òòlù bá ti mú irin dé ibi tó lè mú un dé, fílà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á parí ìyókù, wọ́n á wá fọ́n ọ̀dà àkọ́kùn tó ki sí i lórí. Nígbà tí ìyẹn bá gbẹ, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ dọ̀tí rẹ̀. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n ń wọ́n sí i fínnífínní, bíi pé eruku bà lé e. Wọ́n á lẹ sáńpépà mọ́ pákó gígùn, wọ́n á máa fà á ní ìdábùú láti igun dé igun, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tó bá yọ, pákó á kọ́kọ́ kàn án, dúdú á lọ. Ibi tó bá jìn, pákó á ré e kọjá, dúdú á kù síbẹ̀. Gbogbo òkè àti kòtò tó wà lára ilẹ̀kùn á wá yọ síta bíi máàpù.

Bíríkìlà mọ ọgbọ́n yìí. Bó bá ti rẹ́ ilẹ̀ tán, tí onílé ń yìn ín, á da omi garawa kan sí i. Omi kì í ṣojúsàájú. Ibi tó bá jìn ni yóò lọ jókòó sí, kódà bí ojú onílé àti ojú bíríkìlà bá ti fohùn ṣọ̀kan pé ilẹ̀ náà tẹ́. Onílé tí kò bá jẹ́ kí wọ́n da omi náà, òjò ni yóò bá a dà á, lọ́jọ́ tí àlejò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí omi sì dúró sí abẹ́ àga ìyá ìyàwó. Ọkọ̀ náà ní òjò tirẹ̀: oòrùn ọ̀sán, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e jáde.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ilé yẹ kó tẹ́, ara ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ́. Charger 1968 ní ìbàdí. Ó fún láàárín, ó sì yọ lẹ́yìn, bí ìgò Coca-Cola. Kí ìyípo yẹn lọ geere láì kọsẹ̀ níbì kankan ni iṣẹ́ náà. Pákó tó le jù á gé e lórí, èyí tó rọ̀ jù á bá kòtò wọ inú kòtò, nítorí náà oríṣiríṣi pákó ni wọ́n ń kó jọ. Síbẹ̀ ọwọ́ ló ń dájọ́: wọ́n á di ojú, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rọra gba ara irin lọ, nígbà míì pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ láàárín kó lè máa yọ̀. Ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Láti orí sáńpépà 80, tó le jù, wọ́n á bọ́ sí 180, 320, 400 àti 600, tó kúnná jù, dúdú á sì máa padà wá láàárín wọn. Ẹni tó bá fo ìpele kan yóò tún rí àpá sáńpépà rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ọ̀dà bá súnkì wọ inú àpá náà. Ọ̀dà fúnra rẹ̀ kò pẹ́: àwọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó mọ́ gaara lórí rẹ̀.

Kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí tó jáde nílé iṣẹ́ báyìí. Ọ̀dà wọn ń ṣe kókókókó bí èèpo ọsàn, àlàfo ilẹ̀kùn tọ̀tún lè má bá tòsì mu. Ọkọ̀ tó kàn ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sáyè fún àṣeṣọ̀ṣọ́. Níbi ìdíje ẹwà ọkọ̀ àtijọ́ ńlá, àwọn adájọ́ ń wá àmì ṣọ́ọ̀kì tí òṣìṣẹ́ fi sára ọkọ̀ nígbà náà, àti ibi tí ọ̀dà ti ta sí lábẹ́. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe á wá fi ọ̀pọ̀ oṣù pa àbùkù rẹ́ lára ilẹ̀kùn, wọ́n á sì tún jókòó fi ọwọ́ ara wọn ya àbùkù sí abẹ́ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdápadà sípò, ìdajì rẹ̀ ni àlá ẹni tó ń yàwòrán ọkọ̀ náà, ìdajì tó kù ni àṣìṣe ẹni tó ń kàn án.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé e sábẹ́ iná gbọọrọ, wọ́n á tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú, wọ́n á sì rọra máa rìn lọ sí ẹ̀yìn, ojú wọn lórí òjìji iná náà nínú ọ̀dà. Ó yẹ kó gba ara ìwájú, ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kọjá bí okùn tí wọ́n fà le. Bó bá gbọ̀n fìrí ní etí ilẹ̀kùn, wọ́n á tún lọ gbé pákó.