Abógunrìn Ni Kí Ẹ Máa Pè É

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ra èlùbọ́ l'Ákẹ̀sán. Rédíò ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń ka ìròyìn ogun, olùkàròyìn sì ní "akọ̀ròyìn tí a rì mọ́ àárín àwọn ọmọ ogun" ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ìyá gbé kóńgò dúró, wọ́n wò mí lójú: "Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ láàyè ni?" Inú bí mi, kì í ṣe sí ìyá.

Ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ń wo Gẹ̀ẹ́sì, "embedded journalist", kò wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: akọ̀ròyìn tó ń bá àwọn ọmọ ogun rìn lọ sójú ogun ni. Àwọn mìíràn a ní "ẹ̀ḿbẹ́ẹ̀dì", tí kò lè yé ẹni tí kò bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni "akọ̀ròyìn ológun". Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé sójà ni, bẹ́ẹ̀ aráàlú tó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, tí kò níbọn, ni.

Abógunrìn ni tèmi. Ẹni tó bá ọba kú, abọ́bakú ni Ọ̀yọ́ ń pè é. Ẹni tó bá ogun rìn ńkọ́? Ogun lẹ́nu wa kì í ṣe ìjà nìkan, àwọn tó ń lọ jà náà logun. A ní ogun Ìbàdàn ṣí lọ sí Kírìjì. Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́, ta kò mí pé orúkọ èèyàn ni Abógunrìn. Orúkọ ni lóòótọ́, ohun tí kò fi ṣàjèjì sétí nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lójú ẹsẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ bi mí ni pé: "Ogun ta ni?" Ìbéèrè tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn! Olùkàròyìn á ní láti fọhùn: abógunrìn Amẹ́ríkà, abógunrìn Rọ́ṣíà.

Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kógun wọ Ìráàkì lóṣù kẹta ọdún 2003, akọ̀ròyìn tó lé ní 500 ló bá wọn lọ. Wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ sùn, wọ́n sì ti fọwọ́ síwèé pé àwọn kò ní tú àṣírí ibi tí ogun ń lọ. Ẹni tó tẹ̀lé egúngún láti ìgbàlẹ̀, tòun ti àtọ́kùn àti onílù, á rí pàṣán kedere bó ṣe ń lọ sókè. Kò purọ́ tó bá lóun rí i. Àmọ́ ọmọ tí pàṣán bà ti sá wọ agboolé, ibẹ̀ lẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀, abógunrìn kò sì dé ibẹ̀.

Àwọn kan ní irọ́ ni gbogbo ìròyìn abógunrìn. N kò gbà. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Bí ẹnì kan bá sì ní kí wọ́n dá rìn, ẹni tó dá rìn náà ń fẹ̀mí wewu. Terry Lloyd, akọ̀ròyìn ITN, ilé iṣẹ́ ìròyìn tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò bá ogun kankan rìn nígbà tó kú nítòsí Basra ní Ìráàkì lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta ọdún náà. Lọ́dún 2006, ìwádìí ilé ẹjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sójà Amẹ́ríkà ló pa á lọ́nà tí kò bófin mu.

Ẹ wá wo Gásà. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2023, Ísírẹ́lì kò jẹ́ kí akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkèèrè dá wọlé. Nínú ìwọ̀nba tó wọlé, ọmọ ogun rẹ̀ ló mú ọ̀pọ̀ jù lọ lọ. Àwọn ọmọ Palẹstínì tó ń ròyìn níbẹ̀ kì í ṣe abógunrìn, ìlú wọn ni wọ́n wà. Ẹ má pe àwọn méjèèjì ní "akọ̀ròyìn wa ní Gásà" lórí rédíò mọ́.