Ogun tí ń rìn mọ́jú: bí Tribal Wars ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọdún 2003 ni géèmù Tribal Wars bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Die Stämme. Inú búráúsà lásán ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwòrán rẹ̀ kò tó nǹkan: máàpù, nọ́ńbà àti bọ́tìnnì díẹ̀ náà ni. Síbẹ̀ ó ń jí èèyàn lójú oorun, aago rẹ̀ ló sì fà á.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á gba abúlé kékeré kan. Igi, amọ̀ àti irin á máa wọlé fúnra wọn, yálà ó wà nídìí ẹ̀rọ tàbí kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ló fi ń kọ́lé, tó fi ń mọ odi, tó fi ń kó ọmọ ogun jọ. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó lè gbógun tì í.

Ìgbà tí ogun bá gbéra lọ̀rọ̀ yí padà. Àyè kéékèèké ni wọ́n pín máàpù sí. Níbi tí wọn kò bá ti mú eré yára, ìṣẹ́jú 10 ni ẹlẹ́ṣin fi ń la àyè kan kọjá, ọlọ́kọ̀ (ọmọ ogun tó ń fi ọ̀kọ̀ jà) 18, àwọn tó ń gbé igi ìfọ́dì 30, ìjòyè 35. Bí wọ́n bá jọ rìn, ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ẹni tí ogun ń bọ̀ wá bá kò rí irú àwọn tó ń bọ̀. Abúlé tí wọ́n ti gbéra àti àkókò tí wọ́n máa dé ló rí.

Ìyẹn náà ti tó ẹni tó bá mọ ìṣirò. Ká ní àyè 12 ló wà láàárín abúlé méjèèjì. Wákàtí 2 ni ẹlẹ́ṣin máa lò, igi ìfọ́dì 6, ìjòyè 7. Bó bá wá ku wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 50, a jẹ́ pé ìjòyè ló ń bọ̀, bí ọ̀ta ayò ṣe ń mọ iye ọmọ tó wà nílé ẹnìkejì. Àmọ́ ẹni tó bá jí nígbà tó ku wákàtí kan kò lè mọ̀ mọ́: ó lè jẹ́ ẹlẹ́ṣin tó gbéra láìpẹ́, ó sì lè jẹ́ ìjòyè tó ti ń rìn láti òru.

Ìjòyè sì ni ẹ̀rù ń bà wọ́n fún, torí òun nìkan ló lè gba abúlé lọ́wọ́ ẹni. Ìṣòótọ́ àwọn ará abúlé jẹ́ 100. Bí ìjòyè bá kọlu abúlé tó sì borí, ìṣòótọ́ náà á fi 20 sí 35 dín, lẹ́yìn náà ó ń fi 1 pọ̀ sí i ní wákàtí kan. Bó bá ti dé òdo, abúlé ti bọ́. Ìdí nìyí táwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń rán ìjòyè 4 tẹ̀ léra, kí wọ́n dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ síra wọn, lẹ́yìn tí ogun ńlá bá ti pa àwọn tó ń ṣọ́ abúlé.

Ibẹ̀ gan-an ló dùn jù. Ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ lè rán ọlọ́kọ̀ wá láti abúlé tirẹ̀. Bí wọ́n bá yá jù, ogun ńlá á pa wọ́n. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bọ́ sáàárín ogun ńlá àti ìjòyè, tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kì í pọ̀, òkú ìjòyè ni wọ́n máa bá nílẹ̀.