Ta ló sọ pé Òkè Ọya nìkan ni òkúta ojú ọ̀run ń já sí?

Bí ìràwọ̀ bá já, tí ẹnì kan sì ju fídíò rẹ̀ sórí WhatsApp, ẹnì kan kò ní ṣàì sọ ọ́: Òkè Ọya ni òkúta ojú ọ̀run ń já sí, kì í já sílẹ̀ Yorùbá. Wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ibi tó ti já sí àti ọdún rẹ̀: Geidam 1950, Zagami 1962, Mayo Belwa 1974, Gujba 1984. Kò sí irọ́ nínú orúkọ. Ohun tí wọ́n ń fà yọ nínú rẹ̀ ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Òkúta tó ń bọ̀ láti òfuurufú kò mọ Katsina yàtọ̀ sí Ṣakí. Ohun tó ń sọ ọ́ di àkọsílẹ̀ ni wọn kì í rò. Ẹ wo Zagami, ní Katsina. Ní October 3, 1962, àgbẹ̀ kan wà nínú oko àgbàdo rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ńlá lójú ọ̀run. Kò pẹ́, nǹkan já lulẹ̀ gbì, bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Ẹ̀rù bà á. Nígbà tó wá lọ wò ó, òkúta dúdú ló bá nínú ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Kílò 18 ni, láti pílánẹ́ẹ̀tì Mars sì ni. Ká ní òru ló já ńkọ́? Ká ní inú igbó kìjikìji ni? Ká ní àgbẹ̀ náà gbé e lọ ṣe ọmọ ọlọ, tí kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Kaduna? Ta ni ì bá gbọ́ orúkọ Zagami? Ti Gujba gan-an, àwọn ará abúlé ti fi òòlù fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Igbó tiwa nípọn, òjò wa pọ̀, irin sì wà lára ọ̀pọ̀ òkúta yìí. Á dípẹtà, á pọ́n bíi yangí, ó parí. Ní Antarctica, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì tí wọ́n ti ṣà lórí yìnyín, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rí ẹyọ kan tó ń já níbẹ̀. Ṣé ojú ọ̀run fẹ́ràn yìnyín ni? Òkúta dúdú lórí ilẹ̀ funfun ni.

N kò sọ pé ibi gbogbo dọ́gba pátápátá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 ṣírò pé èyí tó ń já sí ìkángun ayé méjèèjì, níhà àríwá àti gúúsù, kò ju nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 èyí tó ń já sí agbedeméjì ayé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa tá a sún mọ́ agbedeméjì ayé gan-an ló kàn jù. Ṣùgbọ́n láàárín Ìbàdàn sí Katsina, bóyá ni ìyàtọ̀ náà tó nǹkan.

Ẹ má sì fi Àkúrẹ́ 2020, níbi tí nǹkan ti bú gbàù tó sì gbẹ́ ihò ńlá, dá mi lóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Ifẹ̀ ní òkúta ojú ọ̀run ló gbẹ́ ihò yẹn; ìjọba Oǹdó ní ohun abúgbàù tí ọkọ̀ kan ń kó lọ ni. A rí ihò. Òkúta wá dà?

Ẹ sì ṣọ́ra fáwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi òòfà gbé e sókè. Òòfà lè gbé ìdàrọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ náà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: ọjọ́ wo ló já, ta ló rí i, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò?