Bí alùpùpù 20 ṣe ń tọ ọ̀nà tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀

Ká sọ pé alùpùpù 20 fẹ́ gbéra ní Birmingham láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń lọ wo ìdíje motocross, ìyẹn eré ìje alùpùpù lórí ilẹ̀ tí wọn ò da ọ̀dà sí, ní Hawkstone Park, lágbègbè Shropshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Epo, àṣíborí, oúnjẹ ọ̀nà, gbogbo ìyẹn ò le. Ibi tó le ni bí ogún èèyàn ṣe máa débẹ̀ pọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ló mọ ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ṣe ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dì, kí iwájú má kúrò lójú ẹ̀yìn. Èrò yìí gan-an ló ń fa ìjàǹbá. Iná ojú pópó á pọ́n lẹ́yìn tí mẹ́jọ ti kọjá, ẹni kẹsàn-án á sì fẹ́ já iná kó lè bá wọn.

Ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjì péré ni ipò wọn kì í yí: aṣíwájú, àti olùkẹ́yìn, tó sábà máa ń wọ ẹ̀wù tó ń tàn yòò kí wọ́n lè dá a mọ̀ lókèèrè. Bí aṣíwájú bá débi tí wọ́n ti máa yà, á nawọ́ síbi tí ẹni tó tẹ̀ lé e gan-an máa dúró sí. Onítọ̀hún á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á máa tọ́ka ọ̀nà, gbogbo wọn á kọjá lára rẹ̀ títí olùkẹ́yìn á fi yọ. Ìgbà yẹn ló tó bọ́ sójú ọ̀nà, níwájú olùkẹ́yìn. Ní oríta tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì ló kàn.

Ọdẹ tó ṣíwájú nínú igbó máa ń ṣẹ́ ewé sí oríta kí ẹni ẹ̀yìn má bàa ṣìnà. Ẹni tó dúró yẹn ni ewé. Ṣùgbọ́n ewé ọdẹ, ibi tó wà ló máa gbẹ sí. Ẹran lè jẹ ẹ́, atẹ́gùn lè gbé e lọ. Ewé tibí yìí ń dìde, á bá ìrìn lọ, á tún padà di ewé ní oríta mìíràn. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó nílò láti sáré, torí ẹni tó rọra ń bọ̀ ní máìlì kan sẹ́yìn náà ní ẹni tó ń dúró dè é.

Òfin kan ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: má kúrò níbi tí wọ́n fi ọ́ sí títí olùkẹ́yìn á fi dé, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹni tó bá rò pé wọ́n ti gbàgbé òun tó sì gbéra, òun ló já okùn.

Kò dáa fún ẹgbẹ́ kékeré o. Nínú alùpùpù mẹ́fà, mẹ́rin péré ló wà fún oríta. Bí olùkẹ́yìn bá pẹ́ nínú ìlú, aṣíwájú á bojú wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnì kankan.

Ní Hawkstone Park, kálukú ló ń jà fún iwájú. Àwọn tó ń díje á tò sẹ́yìn géètì irin, wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dé kọ́nà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n géètì yẹn kì í wó síwájú, ọ̀dọ̀ wọn ló ń wó sí. Ẹni tó bá ṣe wàdùwàdù gbéra, táyà rẹ̀ á gbé géètì náà ró, kò ní lè wó, àwọn yòókù á sì ti lọ.