Bí òrìṣà ṣe ń jí, tó ń jẹun, tó sì ń ṣàìsàn ní Puri

Ní tẹ́ńpìlì Jagannath nílùú Puri, ní ìpínlẹ̀ Odisha lórílẹ̀-èdè Íńdíà, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọba láàfin ni wọ́n ṣe ń tọ́jú òrìṣà. Mẹ́ta ni wọ́n: Jagannath, Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Subhadra àbúrò wọn obìnrin. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, wọ́n sì kùn wọ́n lọ́dà. Ọ̀dà yẹn gan-an ló fa púpọ̀ nínú ètò ibẹ̀.

Ní ìdájí, àwọn àwòrò á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á fi iná fìtílà júbà, wọ́n á sì bọ́ aṣọ tí àwọn òrìṣà fi sùn. Ìrunyín àti ìwẹ̀ ló kàn. Bí omi bá ń kan ère lójoojúmọ́, ọ̀dà á ṣí. Nítorí náà, dígí idẹ ni wọ́n ń gbé ka iwájú òrìṣà, òjìji tó bá hàn nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ń wẹ̀ fún.

Iná igi àti ìkòkò amọ̀ ni wọ́n fi ń se oúnjẹ wọn. Àlùbọ́sà àti áyù ò gbọdọ̀ débẹ̀, ìkòkò tí wọ́n bá sì ti lò kì í padà sórí iná. Jagannath ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e fún, lẹ́yìn náà òrìṣà obìnrin Bimala, kó tó di mahaprasad, ìyẹn oúnjẹ mímọ́, tí wọ́n ń tà fún èrò nínú ọgbà tẹ́ńpìlì. Ẹni tí wọ́n bí sípò gíga àti ẹni tí wọ́n bí sípò ìsàlẹ̀ lè jọ jẹ ẹ́ nínú ìkòkò kan náà. Níbi tí ìran ẹni ti ń pinnu ẹni tó lè báni jẹun, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nínú oṣù Jyestha nínú kàlẹ́ńdà Híńdù, lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún, omi gidi á kan ère: ìkòkò 108. Ọ̀dà á ṣí, wọ́n á sì ní ibà ti mú àwọn òrìṣà. Wọ́n á tìlẹ̀kùn fún nǹkan bí ọjọ́ 15, àwọn ìdílé Daitapati, tí wọ́n ń sin òrìṣà láti ìran dé ìran, á máa fún wọn ní èso àti àgbo, wọ́n á sì tún wọn kùn.

Bí ara wọn bá ti yá, ọdún Ratha Yatra, ìyẹn ọdún ọkọ̀ òrìṣà, dé. Ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù kì í wọ tẹ́ńpìlì, àmọ́ lójú títì, gbogbo ayé ló ń wo òrìṣà. Ọdọọdún ni wọ́n ń kan ọkọ̀ onígi mẹ́ta tuntun: ti Jagannath ní táyà igi 16, ti Balabhadra 14, ti Subhadra 12. Ọba Puri fúnra rẹ̀ á fi ìgbálẹ̀ olọ́wọ́ wúrà gbá orí ọkọ̀, kí èrò tó fi okùn fà wọ́n lọ sí tẹ́ńpìlì Gundicha, nǹkan bíi kìlómítà 3. Wọ́n á lo bí ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kí wọ́n tó padà.

Ère náà máa ń gbó. Ní ọdún tí oṣù Ashadha bá di méjì nínú kàlẹ́ńdà wọn, bíi 1996 àti 2015, wọ́n á wá igi dóńgóyárò, wọ́n á gbẹ́ tuntun, wọ́n á sì sin ti àtijọ́ sínú ilẹ̀.