Abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ fún ajá, nígbà tí èèyàn ò rí oògùn rà?

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, ọjọ́ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àrùn dìgbòlugi káàkiri ayé, àwọn dókítà ẹran máa ń kó abẹ́rẹ́ lọ sí àdúgbò tí alájá kò ti ní owó ilé ìwòsàn ẹran. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ́ tábìlì báyìí, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀.

Èèyàn ò rí oògùn ibà rà, ẹ wá ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ìyẹn bójú mu?

Ọ̀rọ̀ náà ń bí èèyàn nínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nítorí èèyàn gan-an ni wọ́n ṣe ń gún ajá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún, nílẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà jù lọ, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú mẹ́wàá tó bá kú, bíi mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ọmọdé ló ń bá ajá ṣeré, òun náà ló sì máa ń fi pa mọ́ fún ìyá rẹ̀ pé ajá ha òun lẹ́sẹ̀, kí wọ́n má bàa nà án.

Àrùn yìí kì í yára. Láti ojú egbò ló ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, ó sì lè gbà á ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nígbà míì bí ọdún kan. Ara ẹni tí ajá bù jẹ á ti jinná, wọ́n á ti gbàgbé. Ọjọ́ tí àmì àrùn náà bá jáde, tí ẹ̀rù omi bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọ náà, kò sí oògùn mọ́.

Kí wọ́n kúkú fi owó náà tọ́jú àwọn tí ajá bù jẹ ńkọ́?

A nílò méjèèjì. Àmọ́ abẹ́rẹ́ tẹni tí ajá bù jẹ kì í ṣe ẹyọ kan, ó ń gbà á léraléra ni, owó rẹ̀ kì í ṣe kèrémí, ilé ìwòsàn kékeré kì í sì í sábà ní in. Ẹyọ kan ni ti ajá, ó sì ń dáàbò bò ó fún ọdún kan ó kéré tán.

Kí ló dé tí alájá ò lè san owó díẹ̀?

Wọ́n ti dán an wò ní N'Djamena, olú-ìlú Chad. Nígbà tí wọ́n gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́, iye tó gbà á lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n ní kí alájá sanwó, ìdá 24 péré. Ìdá 70 sì ni àwọn onímọ̀ ń wá, torí bí ajá méje nínú mẹ́wàá bá ti gbà á, àrùn náà ò ní rí ibi sá sí. Bó bá jẹ́ méjì nínú mẹ́wàá, owó tẹ́ ẹ ná ti wọ̀gbẹ́.

Èmi ò bá àwọn alájá náà wí. Aládùúgbò ló ta wọ́n lọ́rẹ ọmọ ajá, àjẹkù ló ń jẹ, òru ló ń gbó. Ta ló máa yọ owó ọbẹ̀ nítorí Bíńgò? Ẹni tó ní mẹ́ta á fa ọ̀kan wá, bó bá tilẹ̀ fà á wá.

Bó ṣe máa ń rí nídìí tábìlì náà nìyí. Ọmọ kékeré kan á fi okùn fa ajá dé, ajá á fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀ pé òun ò lọ. Wọ́n á fi bándéèjì di ẹnu rẹ̀, ẹnì kan á di awọ ọrùn rẹ̀ mú, abẹ́rẹ́ á ti wọ abẹ́ awọ kó tó mọ̀. Wọ́n á fi ọ̀dà sàmì sí i lára, kí àwọn tó máa wá ka ajá ìgboro lè mọ èyí tó ti gbà, wọ́n á sì kọ káàdì fún ọmọ náà.

Ọ̀fẹ́ nìkan náà ò tó o. Ibi tó bá jìn, àwọn èèyàn ò ní wá. Ní Blantyre, lórílẹ̀-èdè Malawi, wọ́n tún ń kiri ojúlé ni, wọ́n sì gún ajá tó lé ní 35,000 ní 2015.

Ṣé kò rọrùn kí wọ́n pa ajá ìgboro dànù?

Wọ́n ṣe é ní Bali, ní Indonéṣíà, lẹ́yìn tí dìgbòlugi débẹ̀ ní 2008. Àrùn náà tàn káàkiri erékùṣù ọ̀hún lójú wọn, àfìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún ajá ló tó rọlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pa ajá rẹ̀ á wá òmíràn, èyí tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Púpọ̀ nínú ajá tó ń rìn kiri yẹn ló sì ní alájá.

Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ti tó?

Rárá. Ní 2012 àti 2013, N'Djamena tún gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́, dìgbòlugi sì dáwọ́ dúró nílùú náà fún oṣù mélòó kan. Ajá láti ìta ló tún gbé e wọlé. Ajá ń bímọ, ajá ń kú, ajá ń bá ọlọ́jà rìnrìn àjò.

Ajá tó ti gba abẹ́rẹ́ ló bù mí jẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má sì sun irun ajá náà lé e. Ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ mú káàdì ajá dání. Bẹ́ ẹ bá mọ ajá náà, ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá wà láàyè, tára rẹ̀ sì le títí ọjọ́ náà fi pé, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bù yín jẹ, dókítà sì lè ní kẹ́ ẹ dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Bó bá kú kó tó pé, ẹ má sin ín, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Ẹ pe dókítà ẹran, torí orí ajá náà ni wọ́n máa fi ṣàyẹ̀wò.