Gìgísẹ̀ Yín Ló Ń Gbé Yín Ṣubú Lórí Yìnyín

Tí ilẹ̀ bá ti dì báyìí, oríṣi aláìsàn méjì ló máa ń wá jókòó síwájú mi. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ti ti ara rẹ̀ mọ́lé láti ọjọ́ tí ọ̀gìnnìtìn ti dé, tó ní òun ń dúró kí yìnyín yọ́. Ìkejì ni ẹni tó gbé bàtà pẹlẹbẹ wọ̀, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, tó ń sáré kí bọ́ọ̀sì má baà já òun sílẹ̀. Tó bá fi máa di ìgbà ooru, ẹni kìíní ò ní lè dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í. Ní ti ẹni kejì, ìdí ẹ̀rọ X-ray la ti máa ń pàdé. Físíò ni mí, ẹni tó ń kọ́ ara tó farapa bí yóò ṣe tún máa ṣiṣẹ́, ìrìn niṣẹ́ mi, ó sì ti sú mi láti máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Pé ìrìn dára fún ara, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ṣe ohun tó ń mú kí ọkàn lù kíkankíkan díẹ̀, wọn ò sì sọ pé kí a yọ oṣù òtútù kúrò níbẹ̀. Ẹ̀wù òtútù, fìlà, ìbọ̀wọ́, ẹ ti dàgbà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ wọ́n. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni bí ẹ ṣe ń gbé ẹsẹ̀.

Ẹ kíyè sí ara yín lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ ó na ẹsẹ̀ síwájú, gìgísẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ara yín á ṣì wà lẹ́yìn. Nígbà yẹn, gìgísẹ̀ ń ti ilẹ̀ síwájú, ilẹ̀ ló ń dá a dúró tí ara fi ń rí àyè bá a. Lórí yìnyín, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Gìgísẹ̀ á máa lọ, ara á kù sẹ́yìn, ẹ ó sì fi ìdí tàbí ẹ̀yìn lélẹ̀ kí ẹ tó pe Jésù. Bí ìṣísẹ̀ bá ṣe gùn tó ni gìgísẹ̀ ṣe ń ti ilẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí oníkánjú fi ń ṣubú níbi tí ẹni tó rọra ń rìn ti ń kọjá, bó tiẹ̀ jẹ́ bàtà kan náà ni wọ́n wọ̀.

Nítorí náà, ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú. Ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kalẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta díẹ̀, ẹ dẹ orúnkún, kí àyà yín sì wà lókè ẹsẹ̀ tó wà níwájú, kó má dá dúró sẹ́yìn. Ẹ yọ ọwọ́ nínú àpò, torí ọwọ́ la fi ń ṣe déédéé ara. Ẹ ó jọ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ jọ ọ́. Ọkùnrin kan sọ fún mi pé òun ò lè máa rìn bẹ́ẹ̀ lójú àwọn aládùúgbò òun. Mo ní kò burú, àwọn aládùúgbò náà ni yóò bá a pe áńbúláǹsì.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣì mú. Ọjọ́ tí òtútù mú jù kọ́ ni yìnyín ń yọ̀ jù. Ìtòsí dígírì 0 ló burú jù, nígbà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ tí omi fẹ́lẹ́ wà lójú rẹ̀. Tí oòrùn bá yọ lọ́sàn-án tí òru sì tún un dì, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ sá fún. Ọ̀sán ni kí ẹ jáde. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti lọ sí bíi dígírì 10 nísàlẹ̀ 0, agbára rẹ̀ ti ń tán lọ. Iyanrìn ò ka ìyẹn sí. Kí ẹ sì ṣọ́ra lórí afárá: afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lókè rẹ̀, ó ń fẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń dì ṣáájú títì tó kù. Yìnyín ibẹ̀ lè mọ́ gaara débi pé ẹ ó rò pé omi lásán ló ta sílẹ̀.

Ní ti bàtà, irin eléyín tí wọ́n ń fà mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà dára. Ẹ bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó tẹ táìlì, torí lórí táìlì, òun gan-an ló máa gbé yín ṣubú. Tí ẹ kò bá ní i, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sórí bàtà. Bẹ́ẹ̀ ni, sórí bàtà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Otago ní New Zealand dán an wò lójú ọ̀nà tó dì, wọ́n sì rí i pé ẹsẹ̀ àwọn tó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í yọ̀ tó ti àwọn tó kù. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn Ig Nobel lọ́dún 2010, èyí tí wọ́n ń fún ìwádìí tó ń kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín. Àwọn aláìsàn mi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ọwọ́ ara mi tọ́jú díẹ̀ lára wọn lẹ́yìn náà.

Ẹ má sì gbé bàtà onímágínẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan tà fún yín wá bá mi, pé ó ń mú kéèyàn dúró déédéé. Ọtí tí ẹ ń mu kí ara lè gbóná kí ẹ tó jáde ń kó ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá sí awọ ni, ibẹ̀ ni òtútù ti ń gbà á lọ́wọ́ yín, ojú yín kò sì ní ríran rí yìnyín dáadáa mọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọrùn ọwọ́. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yọ̀ ṣubú níwájú ilé rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ara lé ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Ayé kọ́ ló da omi síbẹ̀. Omi tó ń kán láti òrùlé ló dì lójú àbáwọlé, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbé e. Wọ́n wá ẹnì kan tó mọ ọwọ́ fà. Onítọ̀hún ní kó mi ìka, ìka mì, ó ní ṣebí ẹ rí i pé kò ṣẹ́. Ló bá fi ìpara gbígbóná fà á, ó tún fà á lọ́jọ́ kejì, ó tún fà á lọ́jọ́ kẹta.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó dé ọ̀dọ̀ mi. “Dókítà, ẹ wò ó, ìka mi ń mì.”

“Màmá, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ yín sókè fún mi.”

Kò lè yí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Iṣan tó ń mú ìka mì, inú apá lókè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ eegun ọrùn ọwọ́ kọjá lọ ni. Eegun lè ṣẹ́ sí méjì kí ìka ṣì máa mì. Abraham Colles, dókítà iṣẹ́ abẹ ará Dublin, kọ̀wé nípa irú ọrùn ọwọ́ yìí gẹ́lẹ́ lọ́dún 1814, nígbà tí X-ray ò tíì sí láyé. Ọdún 1895 ni Röntgen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Colles fi ojú àti ọwọ́ lásán mọ̀ pé eegun ti ṣẹ́. Ẹ̀yin tí X-ray wà ní ilé ìwòsàn yín, ẹ ń bi ìka léèrè.

Ká ní wọ́n tètè gbé màmá yìí wá ni, wọn ì bá tò ó, wọn ì bá fi P.O.P. dè é fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, kí n tó gbà á. Eegun ti so ní wíwọ́. Oníṣẹ́ abẹ tún ní láti gé e kó tó fi irin dè é. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ṣì ń kú tipiri lóru, torí fífà yẹn ti ni ohun tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka lọ sí ọpọlọ lára. Kò tíì lè fún aṣọ. Ẹni tó fà á ṣì ń fa ti ẹlòmíràn.

Tí ẹ bá ṣubú, ẹ má fò dìde. Ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Bí ọrùn ọwọ́ bá wú tàbí tó wọ́, X-ray, ọjọ́ náà. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjú síta, ìgbáròkó ló ṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yín nílẹ̀ kí áńbúláǹsì tó dé. Kí wọ́n fi ẹ̀wù bò yín. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, tó wá fi orí gbá ilẹ̀, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí orí kò bá fọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya sínú agbárí fún wákàtí púpọ̀ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára.